Ẹ̀rín Ojú Omi àti Apá Tọ́pẹ́

Ìbùkún ní kí n máa sọ ọ́, òun á máa kọ ọ́. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní bí mo bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́, òun á dúró dè mí. Ọmọ ọmọ mi ni, ọmọ tí Tọ́pẹ́ bí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ló mú kó jókòó tì mí. Wọ́n ń ti Awoye wá, wọ́n ń ti Ode Ugbo wá, àwọn ìlú etí omi wa. Ọ̀kan á ní, "Bàbá, mo fẹ́ máa fi àwàdà jẹun bíi tiyín." Òmíràn á ní òun fẹ́ lọ òkè òkun lọ máa ju bọ́ọ̀lù onígi bíi ti ọmọ yín. Wọ́n ní kí n sọ èyí tó dára nínú méjèèjì. Èmi ò lè dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn lórí ìdúró. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ méjèèjì ló wọ ilé mi. Mo fi ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ẹnu mi yìí náà ló lé e kúrò lọ́dọ̀ mi, mo sì wá a títí kí n tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ. Èyí tó kù, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni.

Ilé tí wọ́n bí mi sí ò sí mọ́. Òkun ti mú un. Kì í ṣe pé ó wó o lọ́jọ́ kan. Ó kàn ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀ ni, bí àlejò tó ń sún àpótí rẹ̀ mọ́ ìdí oúnjẹ. Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tí ìkùukùu bá bo ojú omi, mo máa ń rí ilé náà. Á dúró lórí òpó rẹ̀, ìyá mi á máa yan ẹja, èéfín á máa yọ láàárín pákó. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kan á gba àárín yàrá wa kọjá. Màá wá rántí pé omi ni.

Apẹja ni bàbá mi. Èmi ò mọ àwọ̀n ọ́n jù. Bí mo bá jù ú, á ká jọ sójú kan bí aṣọ tí wọ́n fún. Bàbá mi ní, "Ìwọ, ẹja á máa wò ọ́, á máa ṣàánú rẹ." Mo tó ọmọ ogún ọdún nígbà tí mo wọ inú ọkọ̀ Baba Rájí. Ó ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ èrò rẹ̀, mo ní mo lè gbọ́n ọn. Ohun tó ń fún mi ò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mùsùlùmí ni Baba Rájí, láti ìdílé kan tó ti ń tajà létí omi yìí láti ayébáyé. Omi tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ló fi ń ṣe àlùwàlá, orí pákó ló ti ń kírun, kí a tó gbéra. Mi ò rí eyín rẹ̀ rí àfi tó bá ń jẹun. Èrò la ń kó láti Ugbonla lọ sí Awoye. Inú odò tẹ́ẹ́rẹ́ la ń gbà, omi náà á dúró jẹ́ẹ́, ojú ọ̀run á wà nínú rẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ òkè nínú méjèèjì. Àmọ́ ibì kan wà tí odò ti la ẹnu sí òkun. Bí a bá débẹ̀, ìgbì á máa ti ẹ̀gbẹ́ wá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba èrò. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọ́n á dìde. Bí wọ́n bá dìde, ọkọ̀ á dojú dé.

"Ìgbì kì í pa èrò," Baba Rájí máa ń sọ ọ́. "Ìdìde ló ń pa wọ́n."

Lọ́jọ́ kan, mò ń gbọ́n omi lọ́wọ́ ní ibi tí mo wí yìí, ni ìyá kan tó ru ẹja gbígbẹ bá jágbe mọ́ mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò rí omi lẹ́sẹ̀ mi ni? Gbọ́n ọn!"

Mo ní, "Ìyá, mo ti gbọ́n omi yìí kúrò lẹ́sẹ̀ yín lánàá. Òun náà ló tún padà wá. Ó ní ẹsẹ̀ yín ló wu òun."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ń di ara wọn mú, ìyá náà sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìgbì ńlá kan gba abẹ́ wa kọjá. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Awoye, Baba Rájí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí lo sọ lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹ má bínú, Baba."

"Ta ló ń bínú? Mo ní kí lo sọ?"

Mo tún un sọ. Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹja tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

"Kò pa mí lẹ́rìn-ín," ó ní. "Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ba. Láti ọ̀la lọ, gbé igbá ìgbọ́nmi fún ẹlòmíràn."

Bí mo ṣe di aláwàdà nìyẹn. Ẹ má rò pé ó dùn. Baba Rájí kò jẹ́ kí n lanu nínú ọkọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Etíkun ló mú mi lọ, ó ní kí n jókòó, kí n máa wo ìgbì. Bí ó bá ṣe ń gbé orí bọ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣe ń fọ́, kí ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀ gan-an. Òun á jókòó sẹ́yìn mi tòun ti ọ̀pá. Bí mo bá pẹ́, á fi ọ̀pá lu pákó tó jókòó lé. "O pẹ́!" Bí mo bá yá, á tún lù ú. "O yá jù! Ìgbì ò tíì dé, o ti ná ẹ̀rín wọn tán!" Ojoojúmọ́ ni. Nígbà tó yá, mo ń gbọ́ ìgbì lójú oorun, mo ń parí ọ̀rọ̀ sí i. Títí dòní, bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ wò ó, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó parí rẹ̀. Ìgbì ni mò ń dúró dè.

Ohun tó kọ́ mi nìyí. Ẹ̀rù a máa na èèyàn dìde, ẹ̀rín a máa tẹ̀ ẹ́ ba. Nítorí náà, kí ẹ̀rín tètè bá wọn kí ẹ̀rù tó dé. Ó tún ní kí n máa wá ẹni tí kò rẹ́rìn-ín, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ dìde. Òun ni kí n kọjú ọ̀rọ̀ sí títí á fi rọ̀. Èyí tó wá le jù ni pé n kò gbọ́dọ̀ fi ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ tí yóò dùn ún. Ó ní, "Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀, ara ọkọ̀ ni. Bí o bá gún un, omi á wọlé." Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni kí n máa sọ.

Ó tún kà á léèwọ̀ fún mi láti máa sọ̀rọ̀kọ́rọ̀ nílé. Ó ní ẹnu dà bí àwọ̀n, bí a bá sá a sóòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, á jẹrà. Bí mo ṣe di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Wọ́n ní mo fẹ́ aláwàdà. Òpó ilé ni mò ń bá gbé."

Ìgbà tí a ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Ìtàn gígùn là ń sọ nígbà náà. Mo lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkùnrin kan tó ra bàtà tuntun, tó wá ń wá ibi tí yóò ti wọ̀ ọ́ nítorí pé omi ló yí ilé rẹ̀ ká, kí n sì parí rẹ̀ ní Awoye. Àjẹ̀ á máa wọ omi, á máa jáde, bí ẹni ń mí. Ẹ̀rín wọn á máa lọ jìnnà lójú omi. Àwọn tó ń dẹ ìgèrè lọ́hùn-ún á rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí a sọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì dé. Ẹ́ńjìnnì ló ké ìtàn mi kúrú. Ó ń pariwo, mo ní láti máa kígbe, ẹni tó bá sì ń kígbe ò lè sọ ọ̀rọ̀ tó ní ìtẹ̀sí. Ọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí ni mo wá ń sọ. Ọkọ̀ tó ń sáré gan-an tún dé, ó ti gúnlẹ̀ kí n tó kí èrò tán. Wọ́n ti gbé mi dé orí ìtàgé rí, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n fi máìkì sí mi lọ́wọ́. Ohùn mi jáde látinú àpótí kan lẹ́yìn mi, mo bojú wẹ̀yìn wò ó, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rín orí ilẹ̀ kò ní ohun tó ń gbà là. Nísinsìnyí, fóònù ló kù. Èrò á wọ ọkọ̀, wọ́n á ki okùn bọ etí, kálukú á máa rẹ́rìn-ín ohun tí òun nìkan gbọ́. Ọkọ̀ kan, ẹ̀rín ogún. Mi ò bú wọn. Mo kàn ń wò ó ni.

Ẹ jẹ́ ká dé orí Tọ́pẹ́.

Láti kékeré ló ti ń ju nǹkan. Àgbọn kékeré tó bá wọ́ sílẹ̀, á ṣà á, á máa fi sọ ìgò tó bá ń léfòó lọ lójú omi. Ìgò náà á máa jó, Tọ́pẹ́ á dúró, á mí, á jù ú. Ṣáá! Àwọ̀n tí èmi ò mọ̀ ọ́n jù, nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bó bá jù ú, á ṣí lójú ọ̀run bí òdòdó, á balẹ̀ láìta omi. Bàbá mi ní apá òun ló fò mí dá tó lọ bá ọmọ náà. Tíṣà kan dé sílé ẹ̀kọ́ wọn tòun ti igi kan àti bọ́ọ̀lù funfun kan tó le bí òkúta. Ó rí apá ọmọ yìí. Láti ibẹ̀, wọ́n mú un lọ sí Èkó, láti Èkó, wọ́n mú un lọ sí Amẹ́ríkà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sọ ọ́ yìí. Mo sìn ín dé etí ọkọ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ. Mo ní, "Jẹun dáadáa." Ó ní, "Ó dáa, Bàbá." Ó tán.

Ìyàwó rẹ̀, Mọdúpẹ́, tó fẹ́ lẹ́yìn tó padà dé, òun ló sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí lọ́hùn-ún fún mi. Kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ kéékèèké ni, láti ìlú kékeré sí ìlú kékeré, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń sùn. Ó ní ọ̀gá tó kọ́kọ́ kọ́ ọ kò jẹ́ kó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù fún oṣù kan gbáko, ẹsẹ̀ nìkan ló ní kó máa gbé, kó máa gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo ní ṣé Baba Rájí kọ́ ló tún wáyé ní Amẹ́ríkà. Ó ní apá Tọ́pẹ́ máa ń wú, wọ́n á fi yìnyín dì í, láàárọ̀ ọjọ́ kejì á tún jù. Ó ní ohun tí Tọ́pẹ́ fẹ́ràn jù ni ìṣẹ́jú tí gbogbo èèyàn á dákẹ́ kó tó jù ú. Ó ní ó máa ń sọ pé nígbà náà, òun ń gbọ́ omi Ugbonla.

Èmi ò mọ gbogbo èyí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ mi ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Mo sì ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún inú ọkọ̀. Ọmọ mi kò sí nínú ọkọ̀, àbí? Mo ní òfin ọ̀gá mi ò dè mí. Baba Rájí ti kú nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀pá lu pákó fún mi.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí.

"Ẹ bá mi yọ̀, ọmọ mi wà ní Amẹ́ríkà!"

Èrò á ní, "Ẹ kú oríire o!"

"Ẹ ò bi mí níṣẹ́ tó ń ṣe?"

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń sọ òkò! Wọ́n mú ọkùnrin kan, wọ́n fún un nígi, wọ́n ní kó dúró. Ọmọ mi á sọ ọ́ lókò. Nílé wa níbí, bí ẹ bá sọ èèyàn lókò lẹ́ẹ̀mẹta, kí ni wọ́n á ṣe fún yín?"

"Wọ́n á nà wá!"

"Lọ́hùn-ún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́! Bí ọkùnrin yẹn bá wá fi igi lu òkò náà, òun náà á gbéra, á sáré, á sáré, á yí ká, á padà síbi tó ti kúrò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ jáde láàárọ̀, tó wà á títí, tó tún padà sí èbúté tó ti gbéra, kí ló ṣe é? Àwọ̀n ló gbàgbé!"

Ibẹ̀ ni ìgbì máa ń bá wọn. Gbogbo wọn á tẹ̀ ba. Ẹ̀fẹ̀ náà gbé orúkọ mi ga ju gbogbo ìyókù lọ. Fún bí ọdún mẹ́fà, bí mo bá ti wọ ọkọ̀, wọ́n á ní, "Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ yín ń kọ́?"

Ọjọ́ yẹn, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Ẹ̀yin ẹ mọ bí a ti ń ṣe é bí òjò bá bá wa lójú omi. A na tapólínì ńlá kan bo èrò lórí, àfi èmi tí mo jókòó síwájú tí mo kọjú sí wọn. Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Tapólínì búlúù gígùn kan ni mò ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ẹja àbùùbùtán sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ ọmọ mi. Tapólínì ń rẹ́rìn-ín, ó ń wú, ó ń sọ̀. Àmọ́ igun kan wà lẹ́yìn tí kò mì.

Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ mi. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni kí n kọjú sí. Ìgbì ti ń bọ̀ lọ́tùn-ún. Mo kọjú sí igun yẹn, mo wá fi ohun tí mi ò sọ rí kún un. Mo ní, "Apá tí à bá fi ju àwọ̀n ká jẹun, òun ló fi ń ju nǹkan sí ẹni tí kò fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí apá náà bá kán, á wá gbé e wálé, á ní kí n bá òun yan án!"

Igun tapólínì yẹn gbéra nílẹ̀. Èèyàn kan dìde lábẹ́ rẹ̀, ó ga, ó ní irùngbọ̀n, wọ́n fi aṣọ funfun gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́ sọ́rùn. Ó wò mí. Òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá."

Ìgbì dé, ọkọ̀ dojú dé.

Ohun tó tẹ̀ lé e, bí àlá ló ṣe rí lójú mi títí di òní. Mo rí ìyẹ̀fun púpurú, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí à ń rò jẹ, tó fọ́n sójú omi bí èéfín funfun. Mo rí tapólínì tó ń rì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, búlúù nínú omi dúdú. Kò sí ariwo kankan létí mi. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn apẹja tó wà nítòsí, kò sẹ́ni tó kú. Gbogbo wa ni wọ́n fà jáde. Àmọ́ kí wọ́n tó dé, ìyá kan ń rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tọ́pẹ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọkọ̀ mú. Ó tú apá ọ̀tún kúrò nínú aṣọ, ó fi fa ìyá náà. Ó dì í mú títí ọkọ̀ fi dé bá wọn.

Bọ́ọ̀lù jíjù ló ti ṣe apá rẹ̀ léṣe, àwọn dókítà lọ́hùn-ún ló ní kó wálé wá sinmi. Wọ́n ní bó bá fi apá náà sílẹ̀ fún ọdún kan, ó lè tún ju bọ́ọ̀lù. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀, ó fẹ́ yọ sí mi lójijì. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, apá náà kò gbéra ju èjìká lọ mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ parí sínú omi yẹn, lójú mi, lẹ́nu mi.

Kò bá mi jà. Ì bá ṣe pé ó bá mi jà, ì bá sàn. Ó lọ ń gbé ní Ode Ugbo. Bí mo bá kí i, á dọ̀bálẹ̀, á dìde, á lọ, kò ní lanu. Èmi náà kò wọ ọkọ̀ èrò mọ́. Mo ju iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọdún kan kọjá. Mo kó àgbà mẹ́ta lẹ́yìn, a lọ bẹ̀ ẹ́. Àgbà tó dàgbà jù ṣí ọ̀rọ̀, ó ní kí n sọ tẹnu mi. Mo ní, "Tọ́pẹ́, ẹnu mi yìí, mo fi ṣẹ̀ ọ́."

Ọ̀kan nínú wọn fi imú rẹ́rìn-ín. Mo wò ó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣàwàdà o."

"Ẹ gbọ́ ọ!" Èkejì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ní òun ò ṣàwàdà! Háà, ojú rẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀!"

Àwọn àgbà mẹ́ta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu itan. Wọn ò ní mi sínú. Láti ogójì ọdún ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn mi, ohùn náà ò mọ ọ̀nà mìíràn wọ etí wọn. Bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó. Tọ́pẹ́ dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Ó wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ àwàdà, ẹ wá gbọ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó fẹ́ kí wọ́n gbà yín gbọ́. Ẹ fi ohùn kan pamọ́ sílé fún ọjọ́ náà, kí ẹ má ná gbogbo rẹ̀ fún èrò. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, ara ni owó iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé mọ̀ bó bá ń dùn yín. Tọ́pẹ́ ò sọ fún mi. Èmi náà ò bi í. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, èmi sì fi iṣẹ́ ọmọ mi tẹlẹ̀ níwájú àlejò fún ọdún mẹ́fà.

Tọ́pẹ́ wá ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní eré náà lórí ilẹ̀ oníyanrìn kan létí omi. Ibi gbígbẹ ò pọ̀ ní ìlú wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ kan bá lu bọ́ọ̀lù dáadáa, inú omi ló ń bọ́ sí. Bọ́ọ̀lù náà kò sì sí lọ́jà wa, òkè òkun ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́. Mo gbọ́ pé ó ń tán lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wa ọkọ̀ kékeré mi lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dúró láàárín koríko ojú omi. Bọ́ọ̀lù já, mo lọ mú un. Nírọ̀lẹ́, mo kó wọn lọ sílé, mo tò wọ́n sórí àjà tí a fi ń yan ẹja, kí ooru fà wọ́n gbẹ, nítorí omi iyọ̀ máa ń jẹ awọ wọn. Láàárọ̀, màá gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà Mọdúpẹ́ nínú agbọ̀n. Òórùn ẹja gbígbẹ ló ń ta lára wọn, àwọn ọmọ náà ń sọ ọ́. Tọ́pẹ́ kàn ń gbé agbọ̀n náà lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún oṣù mẹ́jọ. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí yanrìn, mò ń ṣiṣẹ́ lójú omi. Oòrùn á máa wọ̀, omi á di pupa, mi ò ní mọ̀ bí mo bá sùn tàbí mo jí. Ó tó mi bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, omi ń fà. Ọmọ kan lu bọ́ọ̀lù, ó kọjá orí mi, ó kọjá koríko, ó já sí àárín ibi tí omi ti ń ṣàn kíkankíkan lọ sọ́nà òkun. Mo tẹ̀ lé e. Ó funfun, ó kéré, ó ń jó lọ. Bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, omi á gbé e síwájú. Apá ń ro mí. Mo ti ń gbọ́ òkun níwájú. Mo gbọ́ ohùn kan létí omi, ẹni náà ń sáré tẹ̀ lé mi lórí ilẹ̀.

"Bàbá! Ẹ fi í sílẹ̀!"

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo ti lá àlá ohùn náà lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò fẹ́ kó tún tàn mí.

"Bàbá, ẹ padà! Omi ń fà! Bọ́ọ̀lù lásán ni!"

Mo dá àjẹ̀ dúró. Mo yíjú padà. Òun ni. Àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, Mọdúpẹ́ wà níbẹ̀, ìwọ Ìbùkún wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ.

Mo kígbe dá a lóhùn. Mo ní, "Kì í ṣe lásán! Iṣẹ́ rẹ ni!"

Mo dúró gbọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo parí ọ̀rọ̀, tí ibi gbogbo dákẹ́, tí inú mi sì dùn. Mo na ọwọ́, mo mú bọ́ọ̀lù náà. Lẹ́yìn náà ni mo yí ọkọ̀ padà, mo ń bá omi jà bọ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo dé, Tọ́pẹ́ ti wọ inú omi dé ìbàdí. Ó fi ọwọ́ òsì fa imú ọkọ̀ mi. Mo na bọ́ọ̀lù sí i. Kò wò ó. Ọrùn ọwọ́ mi ló dì mú.

"Ẹ ti jẹun?" ó ní.

Mo ní rárá.

"Mọdúpẹ́ ro púpurú. Ẹ wá."

Mo tẹ̀ lé e wọlé. A jẹun. Ó bu ẹja sí ẹ̀gbẹ́ àwo tèmi. A jọ jókòó ti àwo náà títí ọbẹ̀ fi gbẹ lọ́wọ́ wa.